Ṣé O Mọ̀? Akọni Méje, Òkè Kan

Ṣé o mọ̀ pé eré tí ọ̀pọ̀ géèmù akọni orí kọ̀ǹpútà àti fóònù ti ṣẹ̀ wá, inú ìwé ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣe é, kì í ṣe inú ẹ̀rọ? Dungeons & Dragons ni orúkọ rẹ̀. Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé e jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974. Àwọn ọ̀rẹ́ á jókòó yí tábìlì ká, oníkálukú á dá ẹ̀dá kan sílẹ̀ fún ara rẹ̀, wọn á sì jọ wọ igbó tàbí ihò lọ bí ikọ̀ kan. Iṣẹ́ mẹ́ta péré ló wà láti yàn nígbà náà: jagunjagun, onídán, àlùfáà. Olè ò sí níbẹ̀. Ó di ọdún 1975 kí wọ́n tó fi olè kún un. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ní ìdíkọ̀ Ajah lálẹ́ rí á ní wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó rántí.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 36 ṣáájú kí eré náà tó jáde ni olùkọ́ kan, ọmọ Òkè-Igbó, ti kó irú ikọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ lédè Yorùbá? Ọdún 1938 ni ìwé D.O. Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde. Níbẹ̀rẹ̀ ìtàn, Àkàrà-ògùn nìkan ló ń dá wọ igbó. Ìgbà tó yá ni ọba ránṣẹ́ pè é, tó ní kó lọ sí Òkè Lángbòdó, kó lọ gba ohun kan tí ọba ibẹ̀ máa ń fún àwọn ọdẹ, ohun tó ń mú àlàáfíà bá ìlú. Àkàrà-ògùn ò dá ti ọ̀nà yìí lọ. Ó wá èèyàn kún ara rẹ̀. Fágúnwà dárúkọ wọn, ó sì sọ ìtàn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn, Ìmọ̀dòye, Olóhùn-iyọ̀, Ẹlẹ́gbẹ́dẹ-Ọdẹ, Èfọ̀ìyẹ, Aràmàǹdà-Òkùnrin. Fi Àkàrà-ògùn fúnra rẹ̀ kún wọn, ó di méje.

Wò wọ́n dáadáa, kí o sì fi ojú ẹni tó ń ṣe géèmù wò wọ́n. Kàkó ni alágbára tó ń lọ níwájú pẹ̀lú kùmọ̀. Èfọ̀ìyẹ ni tafàtafà, ọ̀nà jíjìn ni tiẹ̀. Olóhùn-iyọ̀ ló lẹ́wà jù, tó sì mọ orin kọ jù. Ẹlẹ́gbẹ́dẹ-Ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Ìmọ̀dòye ti bá ààjà gbé fún ọdún méje, ọgbọ́n ni ohun ìjà rẹ̀. Aràmàǹdà-Òkùnrin yàtọ̀ pátápátá: bí òtútù bá ń mú gbogbo ayé, òógùn á máa bo òun, bí ooru bá mú, òtútù á mú un. Àkàrà-ògùn ló ni oògùn àti ìrírí, òun náà ló sì ń ṣáájú. Kò sí ẹni méjì tí iṣẹ́ wọn jọ ara wọn. Bí o bá yọ ẹnì kan kúrò, àyè rẹ̀ á ṣófo.

Ohun tí àwọn tó ń ṣe géèmù lónìí ń pè ní ìdọ́gba nìyẹn. Kì í ṣe pé kí agbára gbogbo wọn jẹ́ iye kan náà. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ìgbà kan wà tí kálukú máa wúlò jù, àti ìgbà kan tí kò ní wúlò rárá. Kí ni orin Olóhùn-iyọ̀ fẹ́ ṣe nígbà tí kùmọ̀ bá dé? Kí sì ni kùmọ̀ fẹ́ ṣe níbi tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹyẹ ló yẹ kéèyàn gbọ́? Ọkọ̀ ẹja tó ń kúrò ní etíkun Orímẹ́dù ní ìdájí náà kò yàtọ̀: ẹni tó ń tukọ̀ kọ́ ló ń ju àwọ̀n, ẹni tó ń ju àwọ̀n kọ́ ló ń gbọ́n omi jáde, bí mẹ́ta wọn bá sì jẹ́ atukọ̀ nìkan, ebi ni wọ́n máa gbé wálé.

Ṣé o mọ̀ pé Kàkó pa ìyàwó rẹ̀ kó tó tẹ̀lé ikọ̀ náà? Obìnrin náà ní òun ò ní jẹ́ kó lọ, Kàkó sì fi ohun ìjà dá a lóhùn. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ibẹ̀ burú jù nínú ìwé náà, ó sì burú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wo ohun tí Fágúnwà ṣe: kò fún wa ní alágbára tí kò ní àbùkù. Agbára Kàkó àti ìbínú rẹ̀, inú àpò kan náà ni wọ́n wà. Géèmù tí kò bá fi iye kan lé agbára lórí, ọjọ́ kẹta ló máa ti sú ọ.

Ṣé o mọ̀ pé The Hobbit tí J.R.R. Tolkien kọ, tí gbogbo ayé ń pè ní baba irú ìtàn yìí, ọdún kan péré ló fi ṣáájú ti Fágúnwà? Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1937 ló jáde ní Ìlú Ọba. Aràrá mẹ́tàlá ló wà nínú ikọ̀ tiẹ̀. Ní ká sọ òótọ́, mélòó nínú àwọn mẹ́tàlá yẹn ni o lè mọ̀ yàtọ̀ síra tí wọ́n bá ṣí fìlà lórí? Ní ti kíkó ikọ̀ jọ, èmi ò ní fi méje Fágúnwà ṣe pàṣípààrọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìkì ìwòsàn nínú àwọn méje náà? Ọ̀pọ̀ géèmù òde òní kò ní jẹ́ kí ikọ̀ rẹ jáde láìní ẹni tó ń wo ọgbẹ́. Bóyá ìdí nìyí tí ọ̀nà Lángbòdó fi le tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Àgbákò, ọ̀tá tí Àkàrà-ògùn pàdé nígbà tó ń dá rìn, ní ojú mẹ́rìndínlógún yí orí ká? Ẹni tó bá ti ṣe géèmù akọni á rí ọgbọ́n tó wà nínú ìyẹn. Ìṣòro tó le jù fún ẹni tó ń ṣe géèmù ni pé ọ̀tá ńlá kan ṣoṣo kì í lè kojú ikọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin. Àwọn mẹ́rin á ṣe nǹkan mẹ́rin kó tó ṣe ẹyọ kan. Wọn á yí i ká, ọ̀kan á gba ẹ̀yìn wọlé, ó parí. Nínú ẹ̀dà Dungeons & Dragons ti ọdún 2014, ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fún àwọn ẹ̀dá ńlá láyè láti ṣe nǹkan nígbà tí kò tíì kàn wọ́n. Fágúnwà kúkú fún tiẹ̀ ní ojú mẹ́rìndínlógún. Ẹ̀yìn wo lo fẹ́ gbà?

Ó dáa, ká wá sórí bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀dá sílẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà àkọ́kọ́, dáìsì mẹ́ta ni wọ́n fi ń pín agbára, ọgbọ́n àti ìyókù fún ẹ̀dá inú eré? Irú dáìsì lúdò tí gbogbo wa mọ̀ ni. Ọ̀nà 216 ni dáìsì mẹ́ta lè gbà balẹ̀. Nínú 216 yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré ni 18 máa jáde. 10 á jáde lọ́nà 27, 11 náà á jáde lọ́nà 27. Ìyẹn ni pé bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rí, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ẹ̀dá eré á rí: àárín-méjì. Akọni gidi ṣọ̀wọ́n.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀pẹ̀lẹ̀ babaláwo kò ṣe bẹ́ẹ̀? Ìdajì èso mẹ́jọ ló wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè dojú dé tàbí kó ṣíjú sókè. Ọ̀nà 256 ló jẹ́, ìdí sì nìyẹn tí odù fi jẹ́ 256. Bí ojú méjèèjì bá ní àǹfààní kan náà, kò sí odù tí àǹfààní rẹ̀ ju ti èkejì lọ. (Mi ò pe Ifá ní eré o. Mo kàn ń ka ojú ni.)

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí géèmù kọ̀ǹpútà Baldur's Gate jáde lọ́dún 1998, ẹni tí dáìsì kọ̀ lẹ́yìn lè tún un dà títí ilẹ̀ á fi mọ́? Àwọn ènìyàn máa ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n máa tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, eré gan-an ò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Torí irú nǹkan báyìí ni wọ́n fi gbé ọ̀nà míì kalẹ̀: kálukú gba pọ́ìntì 27, kó lọ ná an bó ṣe wù ú. Ohun mẹ́fà ló máa ná an lé lórí, 8 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kọjá 15. Láti 8 dé 13, pọ́ìntì kan ni ìgbésẹ̀ kan. Láti 13 sí 14, ó di méjì. Láti 14 sí 15, méjì náà ni. Ó túmọ̀ sí pé bí o bá fẹ́ 15 lọ́nà mẹ́ta, gbogbo pọ́ìntì rẹ ti tán, mẹ́ta tó kù á sì wà ní 8: alágbára tí kò gbọ́n, tí ọ̀rọ̀ ò sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Ọjà ni, ọjà náà sì gbówó lórí lókè.

Ṣé o mọ̀ pé ìtàn tó jinlẹ̀ jù nípa yíyan ẹ̀dá, inú ẹsẹ Ifá ló wà? Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé: Orísèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìjà, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n gbọ́dọ̀ dé ilé Àjàlá, alámọ̀ tó ń mọ orí, kí wọ́n yan orí tí wọn máa gbé wá sáyé. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kánjú. Wọn ò bá Àjàlá nílé, wọ́n bá yan èyí tó wù wọ́n lójú. Orí náà rẹwà, ṣùgbọ́n kò jinná. Òjò pa wọ́n lójú ọ̀nà, amọ̀ ń ya, nígbà tí wọ́n máa fi dé ayé, orí ti jẹ tán. Wọ́n ṣiṣẹ́ títí, wọn ò lówó lọ́wọ́.

Afùwàpẹ́ yà sílé bàbá rẹ̀ kó tó lọ. Wọ́n dífá fún un, wọ́n ní kó rú owó àti iyọ̀. Ó rú u, ó sì mú díẹ̀ dání. Ó bá oníbodè kan tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó fún un ní iyọ̀, ọbẹ̀ dùn. Oníbodè yẹn ló mú un dé ilé Àjàlá, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé gbèsè ló lé Àjàlá gun àjà. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Ni Àjàlá bá sọ̀ kalẹ̀, ó mú un lọ síbi tí orí wà, ó fi ọ̀pá irin dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì mú èyí tí kò fọ́ fún un. Òjò pa òun náà. Orí ò jẹ.

Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe géèmù gbé ìtàn yìí yẹ̀ wò. Ohun tí o rí lójú kọ́ ni ohun tí o rà. Ẹni tó kánjú yan ẹ̀dá máa san án lọ́jọ́ iwájú. Iyọ̀ tí o kó dání láìmọ ohun tí o fẹ́ fi ṣe ni yóò ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó mọ ọ̀nà inú ọjà kò sí ní ìta, gbèsè ti gbé e sápamọ́. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá!

Ṣé o mọ̀ pé nínú Baldur's Gate 3, tí ilé-iṣẹ́ Larian gbé jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, bí ẹ̀dá tí o yàn bá sú ọ, egungun kan tí wọ́n ń pè ní Withers á bá ọ tún un ṣe fún owó wúrà 100? Àjàlá ò gba irú rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé onídán inú eré 1974 lè pe ọfọ̀ ẹyọ kan péré lójúmọ́ níbẹ̀rẹ̀? Bó bá ti pe é, ó di ẹrù fún àwọn ìyókù. Ṣùgbọ́n bó bá dàgbà tí kò kú, kò sí ohun tí idà jagunjagun lè ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn tó ń ṣe eré fi ń jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan ní ó dọ́gba, nítorí ìyà àkọ́kọ́ ló fi ra agbára ìkẹyìn. Èrò tèmi ni pé kò dọ́gba: méjì nínú ẹ̀dá mẹ́rin ò gbọdọ̀ máa wòran ní ìdajì eré.

Ṣé o mọ̀ pé Amos Tutuola ti ta ikú akọni rẹ̀, tó sì fi ẹ̀rù rẹ̀ yáni? Nínú The Palm-Wine Drinkard tó jáde lọ́dún 1952, kí ọkùnrin náà àti ìyàwó rẹ̀ tó wọ inú igi funfun ńlá, wọ́n ta ikú wọn ní 70 pọ́ùn, ṣílè 18 àti kọ́bọ̀ 6, wọ́n sì fi ẹ̀rù wọn yáni, èlé rẹ̀ sì jẹ́ pọ́ùn 3 àti ṣílè 10 lóṣù. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n gba ẹ̀rù padà, torí yíyá ni wọ́n yá a. Ikú ò ṣe é gbà mọ́, wọ́n ti tà á. Láti ọjọ́ náà, wọn ò lè kú, àmọ́ ẹ̀rù ṣì ń bà wọ́n. Mi ò tíì rí géèmù tó dọ́gba tó bẹ́ẹ̀ yẹn. Akọni tí kò lè kú, bí ẹ̀rù ò bá bà á, ìtàn tán.

Ṣé o mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ti yẹ eré Awari, ìbátan ayò wa, wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin? Ilé 12, ọmọ 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 2002, John Romein àti Henri Bal ní yunifásítì Vrije ní Amsterdam fi ẹ̀rọ ka ipò 889,063,398,406. Àbájáde rẹ̀: bí ọ̀tá méjèèjì kò bá ṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni. Àwọn àgbà tó ń ta ọ̀pọ́n lábẹ́ igi ti mọ̀ tipẹ́ pé kò sí ẹni tí ọ̀pọ́n fúnra rẹ̀ ń gbè.

Ká sáré wo iye ẹni tó ń wà nínú ikọ̀ àwọn géèmù kan. Wizardry, 1981: ikọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́fà. Final Fantasy, 1987: ẹlẹ́ni mẹ́rin, nínú iṣẹ́ mẹ́fà, o sì lè mú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní oníṣẹ́ kan náà bí o bá fẹ́ràn ìyà. Baldur's Gate àkọ́kọ́: mẹ́fà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta: mẹ́rin. Ikọ̀ ń dín kù nítorí pé bí wọ́n bá ti pọ̀ tó ni ọ̀tá gbọ́dọ̀ pọ̀ tó, tí ìjà kan á sì fi wákàtí jẹ. Aurion: Legacy of the Kori-Odan, tí Kiro'o Games ní Yaoundé, Kamẹrúùnù, gbé jáde lọ́dún 2016: ọba Enzo àti ìyàwó rẹ̀ Erine, tọkọtaya ni gbogbo ikọ̀. Agbára wọn ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá.

Ṣé o mọ̀ pé ohun tí wọ́n rí gbà lórí Òkè Lángbòdó lákọ̀ọ́kọ́ kì í ṣe idà tàbí wúrà? Ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó sílé Ìrágbèje, tó ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ ojoojúmọ́. Nínú eré 1974, owó tí ikọ̀ bá kó bọ̀ wálé ló ń sọ wọ́n di àgbà jù. Nínú ìwé Fágúnwà, etí dídì sí ọ̀rọ̀ àgbà kò sọ ẹnikẹ́ni di akọni. Mo gbà pé yóò ṣòro láti fi ọjọ́ méje ìkọ́ni sínú géèmù kí ọmọ ogún ọdún má fò ó kọjá. Ẹni tó bá rí ọgbọ́n dá sí i, òun ló máa yẹ ká kí.

Ṣé o mọ̀ pé ìtàn yìí ti jáde kúrò nínú ìwé tipẹ́? Wale Ogunyemi sọ ọ́ di eré orí ìtàgé, Langbodo, òun sì ni eré tí Nàìjíríà gbé kalẹ̀ ní àjọ̀dún FESTAC lọ́dún 1977 ní Èkó. Wole Soyinka ti túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, Bruce Onobrakpeya ló sì ya àwòrán inú rẹ̀. Bí o bá ń gbé Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí, o ò nílò láti rin jìnnà kí o tó rí iṣẹ́ ọwọ́ Onobrakpeya: wọ́n wà lára iṣẹ́ ọnà tó wà ní Yemisi Shyllon Museum of Art, nínú ọgbà Pan-Atlantic University lójú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́. Oṣù Kẹwàá ọdún 2019 ni wọ́n ṣí i. Ẹni tó fẹ́ mọ bí iwin ṣe lè rí lójú kí ó kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, kó tó ṣí fóònù.

Igbó náà ńkọ́? Lekki Conservation Centre ṣì wà, wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1990, afárá orí igi rẹ̀ gùn ní mítà 401. Ọ̀bọ ń fò níbẹ̀, irà wà lábẹ́ ẹsẹ̀. Ní agbègbè tí wọ́n ti ń fi iyanrìn kún irà lójoojúmọ́, igbó tó ṣẹ́ kù yìí ni kí ẹ̀yin tó ń ya àwòrán géèmù sáré lọ wò.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí Disney àti Kugali gbé Iwájú jáde ní oṣù Kejì ọdún 2024, ìtàn Èkó ti ọjọ́ iwájú, géèmù tí Maliyo Games ti Èkó ṣe láti inú rẹ̀, oúnjẹ sísè ni? Iwájú: Rising Chef. Kò sóhun tó burú nínú ọbẹ̀, iyọ̀ Afùwàpẹ́ ṣáà ló ṣílẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n a ṣì ń retí èyí tí ikọ̀ méje máa fi gun òkè.

Ìwọ tó ń kọ́ kóòdù ní Awóyáyà tàbí Bọ̀gíjè, tí o sì ti ń ronú nípa Kàkó láti ìgbà tí o ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àpilẹ̀kọ yìí, gbọ́ ọ̀kan sí i. Oṣù Kejìlá ọdún 1963 ni Fágúnwà kú. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà Nàìjíríà ti ọdún 2022 fún òǹkọ̀wé ní àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ọdún tó kú, èyí tó túmọ̀ sí pé títí di ìparí ọdún 2033, ti ẹbí rẹ̀ ni Kàkó, Olóhùn-iyọ̀ àti àwọn tó kù ṣì jẹ́. Kọ̀wé sí wọn kí o tó ya ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn.